Plọ́ọ̀tì méjì, ẹran wo ni kó ṣáájú: ewúrẹ́, adìẹ, àbí ehoro?

#1 OkoÌdó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ọlọ́sìn. Ìbéèrè yìí gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi.

Ilẹ̀ plọ́ọ̀tì méjì ni, ẹsẹ̀ bàtà 100 sí 100, lọ́nà Ìdó ní Ìbàdàn. Ilé gba bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Kànga wà, ṣùgbọ́n iná mànàmáná kò ṣe é gbára lé. Odi yí apá mẹ́ta ká, apá kẹrin ṣí sí ilẹ̀ tí onílẹ̀ kò tíì kọ́. Ẹni méjì ló wà nílé: ọ̀kan ń jáde ní aago 7 àárọ̀, ó ń wọlé ní aago 6 ìrọ̀lẹ́. Èkejì wà nílé tọ̀sán-tòru, àmọ́ kò lè gbé ohun tó wúwo. Àwọn tó ń ṣe gàrí kò jìnnà sí wa.

Ẹyin jíjẹ la fẹ́, ẹran díẹ̀ láti tà lásìkò ọdún, àti ajílẹ̀ fún ẹ̀fọ́. Ewúrẹ́ 5, adìẹ 20, ehoro 3 la ní lọ́kàn, kí gbogbo wọn wọlé lóṣù tó ń bọ̀. Ṣé kò pọ̀ jù?

#2 ÌyáẸléran

Ó pọ̀ jù. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ iye èèyàn tó wà nílé, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ ṣírò oúnjẹ kẹ́ ẹ tó ka orí ẹran. Ewúrẹ́ ìbílẹ̀ tiwa, èyí tó kúrú, máa ń wọ̀n tó kílò 20 sí 25 tó bá dàgbà. Tẹ́ ẹ bá yọ omi kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀, ohun tó ń jẹ lójúmọ́ tó ìdá 3 sí 4 nínú 100 ìwúwo ara rẹ̀. Koríko tútù sì rèé, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Torí náà ewúrẹ́ kílò 20 fẹ́ tó kílò 3 ewé àti koríko tútù lójúmọ́. Ewúrẹ́ kì í jẹ ohun tó bá ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí náà ẹ fi kílò kan kún un fún èyí tó máa fi ṣòfò. Ewúrẹ́ 5 ti di kílò 20 lójúmọ́, Sunday ò yọ, òjò ò yọ. Ta ló máa gé e, ta ló máa rù ú wálé?

Ìmọ̀ràn mi: adìẹ 10 ni kó kọ́kọ́ wọlé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí ọwọ́ bá ti mọ́ ọn, abo ewúrẹ́ 2. Ehoro lè dúró di ọdún tó ń bọ̀.

#3 Ajílẹ̀

Ẹ̀yin Ìyá náà, ẹ ń dẹ́rù bà wọ́n. Ewúrẹ́ ò ní wàhálà kankan. Tú u sílẹ̀ láàárọ̀, á jẹ kiri, á padà wálé nírọ̀lẹ́. Báyìí làwọn baba wa ṣe sìn ín. Ilẹ̀ tí wọn ò tíì kọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí ni wọ́n tún ń gé koríko sí?

#4 OníwòsànẸran

Ajílẹ̀, àwọn baba wa ò ní aládùúgbò tó ń fi oògùn pa koríko. Lónìí, ewúrẹ́ tó bá jẹ nínú koríko tí wọ́n fín ní àná lè má di ọ̀la. Ẹ fi ọlọ́ṣà ọlọ́kọ̀ kún un. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ti ní òfin lórí fífi ẹran jẹ̀ kiri ní gbangba láti 2019. Ewúrẹ́ tó wọ oko ẹ̀fọ́ ẹlòmíràn, ìjà ló ń dá sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ka òfin.

Èyí tó tún burú jù ni kàtà. Oko Ìdó, ẹ fetí sí èyí dáadáa, torí òun ló ń pa ewúrẹ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tán pátápátá. Ibà ni yóò kọ́kọ́ mú ẹran, kò ní jẹun. Lẹ́yìn náà ojú àti imú á máa ṣe omi, omi náà á ki, á gbẹ mọ́ imú. Egbò á yọ létè àti nínú ẹnu, ẹnu á máa rùn. Ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e, ikọ́ náà á dé. Láàárín ọjọ́ 5 sí 10, ọ̀pọ̀ á ti kú. Kòkòrò tó ń fà á kò gbọ́ oògùn. Èyí tí dókítà ń fún un lábẹ́rẹ́ nígbà náà kàn ń dí àwọn àìsàn mìíràn lọ́wọ́ ni.

Àjẹsára rẹ̀ wà, ilé ìwádìí ìṣègùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, ní Ìpínlẹ̀ Plateau, ló ń ṣe é. Mílílítà 1 lábẹ́ awọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, á dáàbò bo ewúrẹ́ fún ó kéré tán ọdún 3. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni ooru. Inú kúlà oníyìnyín ni kó ti wá, tí wọ́n bá sì ti po ó, kó má kọjá wákàtí mélòó kan kí wọ́n tó lò ó tán. Ìgò kan máa ń tó ẹran 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ pe àwọn ẹlẹ́ran àdúgbò jọ, kí dókítà wá lọ́jọ́ kan fún gbogbo yín. Ọmọ ewúrẹ́ tó bá ti pé oṣù 4 lè gbà á. Èyí tí ara rẹ̀ gbóná, ẹ má fún un. Ìgbóná ara ewúrẹ́ tó dá wà láàárín 38.5 sí 39.7; tó bá ti kọjá 40, ẹ dúró.

Ewúrẹ́ tó ti ọjà dé, ọjọ́ 21 ló máa dá wà níbi tí kò ti lè fimú kan èyí tó wà nílé. Korobá omi tirẹ̀ lọ́tọ̀, bàtà ẹni tó ń wọ ibẹ̀ lọ́tọ̀. Ìwọ̀nba ìsinmi, omi àti koríko gbígbẹ ni kó kọ́kọ́ rí lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́. Tí kò bá ní ibà, kó gba àjẹsára, kí dókítà sì mọ̀ pé ó máa tó ọ̀sẹ̀ méjì kí àjẹsára tó ṣiṣẹ́.

#5 OkoÌdó

Ẹ ṣé gan-an, Dókítà. Ìyá Ẹléran, mo gba 10 àti 2. Báwo ni èèyàn ṣe ń mọ ewúrẹ́ tó dáa tó bá fẹ́ rà á? Irú ilé wo ni kí a kọ́? Àti èèpo ẹ̀gẹ́ ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ gàrí, ṣé a lè máa kó o fún wọn bó ṣe wà?

#6 ÌyáẸléran

Tó bá ṣeé ṣe, ẹ má rà á ní ọjà rárá. Ẹ rà á nílé ẹni tó ń sìn ín, níbi tẹ́ ẹ ti lè rí ìyá rẹ̀ àti àwọn tí wọ́n jọ wà.

Ẹ la ẹnu rẹ̀. Ìsàlẹ̀ iwájú nìkan ni eyín wà, ewúrẹ́ ò ní eyín iwájú lókè. Tí gbogbo mẹ́jọ bá kéré, tí wọ́n rí bákan náà, kò tíì pé ọdún kan. Tí méjì láàárín bá fẹ̀ ju ìyókù, ó ti lé díẹ̀ ní ọdún kan: èyí ni kẹ́ ẹ rà. Tí mẹ́rin bá fẹ̀, ó ti ń lọ sí ọdún méjì. Èyí tí eyín rẹ̀ ti jẹ tàbí tó ti ká, àgbà ni, ẹni tó ń tà á mọ ìdí tó fi ń tà á.

Ẹ fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Kó pupa bí inú ẹnu ọmọdé. Tó bá funfun bí ẹ̀kọ, aràn ti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán. Ẹ wo ìdí rẹ̀ bóyá ìgbẹ́ lẹ̀ mọ́ irun ìrù. Ẹ fọwọ́ tẹ ọmú méjèèjì, kí ọ̀kan má le bí òkúta. Ẹ jẹ́ kó rìn. Ẹ má ra èyí tí wọ́n so mọ́lẹ̀ láìrí ìrìn rẹ̀.

#7 Pákó_àti_Ìṣó

Ilé ewúrẹ́ ni tèmi. Mítà kan ààbọ̀ níbùú lóròó (1.5 m²) ló tó fún abo kan, torí náà ilé ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 10 á gba 5, bí ẹ tilẹ̀ ń fi 2 bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́ ọ tóbi báyìí. Wọn máa bímọ.

Ẹ gbé ilẹ̀ rẹ̀ sókè, ẹsẹ̀ bàtà 2 ààbọ̀ sí 3, kí èèyàn lè fi ìgbálẹ̀ ọlọ́wọ́ gígùn kó ìgbẹ́ nísàlẹ̀ láìbẹ̀rẹ̀ púpọ̀. Pákó ínṣì 2 ni kẹ́ ẹ tò, pẹ̀lú àlàfo sẹ̀ńtímítà 1 sí 1.5 láàárín wọn. Tó bá fún ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìgbẹ́ ò ní já bọ́. Tó bá fẹ̀ jù, ẹsẹ̀ ọmọ ewúrẹ́ á há síbẹ̀, á sì ṣẹ́. Ẹ fi ìka yín kékeré wọ̀n ọ́n: kó kan wọlé. Kí pákó àkàbà tí wọ́n máa gbà gòkè ní igi tẹ́ẹ́rẹ́ lórí, kó má yọ̀ nígbà òjò.

Ìhà ìlà-oòrùn ni kẹ́ ẹ fi pákó dí, torí ìjì òjò ńlá níhìn-ín, ìlà-oòrùn ló ti ń wá jù. Àwọn ìhà yòókù, ẹ dí wọn dé ẹsẹ̀ bàtà 3, kí òkè ṣí kí afẹ́fẹ́ lè kọjá. Ilé tí afẹ́fẹ́ ò wọ̀, òórùn ìtọ̀ á máa ta lójú, ikọ́ á sì bá ẹran. Páànù kó yọ síta tó ẹsẹ̀ bàtà 2.

Ọ́ìlì àlòkù táwọn èèyàn ń fi kun pákó nítorí ikán: ìdí òpó tó wọ ilẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ fi kùn. Ewúrẹ́ ń lá pákó, ó ń jẹ pákó.

Wáyà ọgbà ẹ̀gbẹ́ kẹrin kó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 5. Ẹ ṣọ́ra fún wáyà olójú ńlá, ìyẹn tí ojú rẹ̀ tó ínṣì 6: ewúrẹ́ oníwo á ki orí bọ̀ ọ́, kò ní lè yọ ọ́. Oúnjẹ ẹ máa so ó kọ́ sí ìwọ̀n orí wọn, ẹ má da á sílẹ̀. Korobá omi, ẹ ki í sínú táyà àlòkù kó má dà nù.

#8 Ajílẹ̀

Èèpo ẹ̀gẹ́ ò nílò kí èèyàn dààmú. Ọ̀fẹ́ ni, ewúrẹ́ fẹ́ràn rẹ̀, ẹ kàn kó o fún wọn.

#9 Èèsún

Ajílẹ̀, ẹ rọra. Oró wà nínú èèpo ẹ̀gẹ́ tútù, ó sì pọ̀ nínú èèpo ju inú ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. Ewúrẹ́ tí ebi ń pa tó bá jẹ ẹ́ yó lẹ́ẹ̀kan náà, á máa mí gùlegùle, á máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, á ṣubú, ó lè kú láàárín wákàtí kan. Ìdí tí àwọn kan fi ń fún un tí kò sì ṣe nǹkan ni pé ẹran wọn ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, tàbí ẹ̀gẹ́ tí kò korò ni wọ́n ń bó ládùúgbò náà. Ọjọ́ tí wọ́n bá bó irú mìíràn ni wọ́n máa mọ̀.

Ọ̀nà méjì ló wà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ sá a sórí tapólì, kó fẹ́lẹ́, kó má ga ju ìka méjì lọ, ẹ máa yí i padà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ọjọ́ 2 sí 3 ló tó. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kó ṣẹ́, kó má rọ̀. Ẹ má sá a sójú títì. Òkúta wẹ́wẹ́ àti epo mọ́tò á bá a wọ inú ẹran. Àwọn oníwádìí ILRI, ilé ìwádìí àgbáyé lórí ẹran ọ̀sìn, ní Ìbàdàn fi ọ̀nà tó yá ju ìyẹn hàn: kí wọ́n rin ín, kí wọ́n fún un bí wọ́n ti ń fún gàrí, kí wọ́n sì sá a. Ọjọ́ kan ṣoṣo oòrùn á gbẹ ẹ́. Ẹ̀rọ àwọn oníṣẹ́ gàrí ẹ̀gbẹ́ yín lè bá yín ṣe é.

Nígbà òjò, ẹ má gbìyànjú oòrùn. Èèpo tó bá hu olú dúdú tàbí ewú, ìyẹn tún jẹ́ oró mìíràn, ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, sẹ̀ńtímítà 2, ẹ sá a sí ibòji fún ààbọ̀ ọjọ́ kí omi rẹ̀ fà díẹ̀, ẹ ki í sínú ọ̀rá oníbejì tó wà nínú àpò, ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ jáde, ẹ so ẹnu rẹ̀ le. Ọjọ́ 21 lẹ́yìn náà ẹ tú u. Tó bá ń ta sánsán bí ògì tó kan, ó ti ṣetán. Tó bá ń rùn bí ohun tó kú, tàbí tó ń yọ̀ fàlàfàlà, inú àkìtàn ni ibi rẹ̀.

Iye: ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gíráàmù 100 gbígbẹ fún ewúrẹ́ kan lójúmọ́, ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì gbé e dé 300. Kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí okun ló wà nínú rẹ̀, ohun tó ń kọ́ ara kò pọ̀ nínú rẹ̀. Ewé agunmániyẹ̀ (gliricidia) ló ń dí àlàfo yẹn. Ẹ gé igi rẹ̀ tó gùn tó mítà kan, tó nípọn tó àtàǹpàkò dé ọrùn ọwọ́. Lójò àkọ́kọ́, ẹ rì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ààbọ̀ mítà síra wọn, kó wọlé tó sẹ̀ńtímítà 20. Kó tó nǹkan bí oṣù 10 kẹ́ ẹ tó kọ́kọ́ gé e. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa gé e ní oṣù 2 sí 3 síra wọn, ní ìwọ̀n gíga mítà kan. Ewúrẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n á fimú gbọ́ ọ, á yí ọrùn padà. Ẹ jẹ́ kó rọ láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀, ẹ pò ó mọ́ ewé ọ̀dùnkún tàbí èèpo ẹ̀wà, á jẹ ẹ́. Kó má ju ìdá kan nínú mẹ́ta oúnjẹ rẹ̀ lọ.

Èèsún náà ẹ gbìn ín sí ìdí odi. Ẹ gé e kó tó yọ òdòdó. Tó bá ti dàgbà jù, igi lásán ni.

#10 Àkùkọ_Àárọ̀

Ọ̀rọ̀ adìẹ kù, ó sì pọ̀.

Ẹ má ra ọmọ ọjọ́ kan. Iná yín kò dúró, ọmọ adìẹ sì fẹ́ ooru 32 sí 35 lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kó máa fi 3 dínkù lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìkòkò èédú lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa jí lóru láti wò ó, èéfín rẹ̀ sì ń pa ọmọ adìẹ nínú ilé tí kò ní ihò. Nítorí adìẹ 10 kọ́! Ẹ ra adìẹ tó ti pé ọ̀sẹ̀ 16 sí 18, tó kù díẹ̀ kó yé. Ó wọ́n, àmọ́ ewu ti rékọjá.

Irú wo? Adìẹ aláwọ̀ ilẹ̀ tí àwọn oníṣòwò ẹyin ń sìn máa ń yé ẹyin 5 sí 6 lọ́sẹ̀ nígbà tó bá wà lójú ẹ̀. 6 nìkan ti ju ohun tí ẹni méjì lè jẹ lọ. Noiler àti FUNAAB Alpha le lára jù ú, ẹran wọn tún pọ̀, ẹyin wọn ló dín. Adìẹ ìbílẹ̀ á yé bíi 10 sí 14, á sàba, ó di oṣù mélòó kan kó tó tún yé. Èyí tí ọrùn rẹ̀ pá nínú wọn ń fara da ooru dáadáa. Tó bá jẹ́ tèmi, aláwọ̀ ilẹ̀ 6 fún ẹyin, Noiler 4 fún ẹran.

Oúnjẹ: gíráàmù 120 fún adìẹ kan. 10 jẹ́ kílò 1.2 lójúmọ́, àpò kílò 25 á gbé yín fún nǹkan bí ọjọ́ 20. Omi: lítà 3 lójúmọ́ fún mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, nígbà ooru ó lè di 4 tàbí 5. Tí omi bá tán lọ́sàn-án kan, ẹyin á já fún ọjọ́ mélòó kan, àwọn èèyàn á sì máa dá oúnjẹ lẹ́bi. Ilé: ẹsẹ̀ bàtà 2 níbùú lóròó (2 ft²) fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ìfárí pákó nípọn tó ínṣì 3 sí 4 nílẹ̀. Bu ìfárí pákó náà sọ́wọ́, fún un: tó bá di ìṣù, tí kò tú, ó ti tutù jù, àrùn ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ kò jìnnà. Àpótí yíyé 2, ínṣì 12 sí 12, sí ibi tó ṣókùnkùn. Igi tí wọ́n máa bà lé kó ga ju àpótí yíyé lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ inú àpótí ni wọ́n máa sùn, wọ́n á sì yàgbẹ́ sẹ́yin. Eérú àti yanrìn nínú agbada fífẹ̀ kan fún wíwẹ̀. Iná ara á kúrò.

Lúkúlúkú ló ń pa adìẹ jù lọ lọ́dọ̀ wa, ọyẹ́ ni àsìkò rẹ̀. Ọrùn á lọ́, ìgbẹ́ á di àwọ̀ ewé, ilé á sì ṣófo láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ bi ẹni tó tà á fún yín ní ìwé àjẹsára. Lẹ́yìn náà ẹ máa fi I-2, àjẹsára lúkúlúkú tí à ń kán sójú, tún un ṣe ní oṣù 3 síra wọn. Vom náà ló ń ṣe é, ó sì fara da ooru ju àwọn yòókù lọ díẹ̀. Kí ọ̀kan bọ́ sí oṣù October, kí ọyẹ́ tó dé.

Bí a ṣe ń kán an: ẹni kan á di adìẹ mú mọ́ ẹ̀gbẹ́, á tẹ orí rẹ̀ kí ojú kan kọjú sókè. Ẹnì kejì á di ìgò dúró gbọọrọ lókè ojú náà, kó má fẹnu ìgò kan ojú. Ẹ̀kán kan ṣoṣo. Ẹ má fi sílẹ̀ o. Ẹ dúró títí á fi ṣẹ́jú, tí omi náà á fi rì wọlé. Èyí tó bá ṣàn sẹ́yìn etí, adìẹ yẹn kò gbà á, ẹ tún un kán.

Tó bá jẹ́ irú àjẹsára tí a ń pò mọ́ omi mímu ni, ẹ fi omi kànga pò ó. Kẹ́míkà tó wà nínú omi ẹ̀rọ ń pa á. Mílíìkì oníyẹ̀fun tí kò ní ọ̀rá, gíráàmù 2.5 sí lítà kan, ni kó kọ́kọ́ wọ inú omi. Ẹ fi òǹgbẹ gbẹ wọ́n fún wákàtí kan sí méjì kí wọ́n lè mu ún tán kíákíá.

#11 OníwòsànẸran

Mo fara mọ́ Àkùkọ. Mo fi ohun kan kún un: ilé adìẹ àti ilé ewúrẹ́ kí ó jìnnà síra wọn, kí ilẹ̀kùn ilé adìẹ sì ní ìkọ́. Ewúrẹ́ tó bá wọlé jẹ oúnjẹ adìẹ yó, inú rẹ̀ á kan bí ògì, ikùn òsì á wú, kò ní dìde mọ́. Àgbàdo àti gàrí náà ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ po ṣíbí ìjẹun kan sódà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì sínú ìdajì lítà omi, ẹ rọra bù ú sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, kí orí rẹ̀ má ga kọjá ẹ̀yìn rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á wọ ẹ̀dọ̀fóró. Kí ẹnì kan sì máa pe dókítà bí ẹ ti ń ṣe é.

Oògùn aràn: ẹ wọn ẹran. Gun òṣùwọ̀n ilé pẹ̀lú ewúrẹ́ lọ́wọ́, tún gùn ún lófo, yọ ọ́ kúrò. Albendazole olómi 2.5%, mílílítà 6 fún ewúrẹ́ kílò 20. Ẹ má fún èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún, oṣù àkọ́kọ́ ni ewu rẹ̀. Ẹ má máa fún gbogbo wọn lóṣooṣù bí oògùn ibà. Ẹ wo ìpéǹpéjú, èyí tó bá funfun ni kó gbà á. Tí gbogbo wọn bá ń gbà á láìnídìí, aràn á mọ oògùn náà, oògùn á di omi lásán.

Àìsàn awọ tí irun fi ń re, tí etí àti ẹsẹ̀ fi ń nípọn bí èèpo igi, ivermectin abẹ́rẹ́ 1% ni: mílílítà 0.4 lábẹ́ awọ fún kílò 20, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 14. Ẹ ka iye ọjọ́ tó wà lára páálí kẹ́ ẹ tó pa ẹran náà jẹ.

#12 EtíEhoro

Wọ́n ti ta ehoro nù pátápátá, ó sì dùn mí. Ẹni tí kò lè gbé ohun wúwo, ehoro ló tọ́ sí i jù! Abo 2, akọ 1, àgò wáyà sẹ̀ńtímítà 60 sí 75 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Yúnyun, ewé ọ̀dùnkún àti koríko ló ń jẹ, ó kàn fẹ́ oúnjẹ oníhóró díẹ̀.

Ẹ gbé abo lọ bá akọ, ẹ má gbé akọ wá. Abo ń dáàbò bo ilé rẹ̀, á bu akọ jẹ. Ọjọ́ 31 ló ń bímọ; ẹ fi àpótí ìbímọ sínú àgò ní ọjọ́ 28. Ẹ já ọmọ lẹ́nu ọmú ní ọ̀sẹ̀ 5 sí 6. Ohun tó ń pa á níhìn-ín ni ooru abẹ́ páànù. Abẹ́ igi máńgòrò ló dáa jù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìgò omi dídì ẹ fi sínú àgò lọ́sàn-án, á lọ fara tì í. Akọ tí ooru bá mú gan-an lè má lè fún abo lóyún fún bí oṣù méjì, ẹ má tètè tà á.

#13 Àkùkọ_Àárọ̀

Èmi náà ò ta ehoro nù o. Ẹ̀gbọ́n, ta ni wọ́n máa tà á fún ládùúgbò yẹn? Ẹ kọ́kọ́ rí oníbàárà 3 kẹ́ ẹ tó rà á.

Kí ẹnikẹ́ni má tún wá dábàá ẹlẹ́dẹ̀ fún plọ́ọ̀tì méjì láàárín ilé. Òórùn, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn àdúgbò, ká má tíì sọ ti ibà ẹlẹ́dẹ̀ tó gbá Òkè-Arò, ibùdó ńlá àwọn ọlọ́sìn ẹlẹ́dẹ̀, mọ́lẹ̀ ní 2020.

#14 OkoÌdó

Ẹ ṣé, ẹ̀yin àgbà. Bí a ṣe tún un ṣe nìyí: oṣù yìí, ilé adìẹ, àti agunmániyẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Oṣù tó ń bọ̀, adìẹ 10. Ilé ewúrẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, kí abo 2 tó wọlé. Ehoro di ẹ̀yìn ọ̀la (ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n EtíEhoro). Ó ku ìbéèrè kan: ṣé ká ra òbúkọ pẹ̀lú abo méjèèjì?

#15 ÌyáẸléran

Ẹ má rà á. Òbúkọ kan tó abo 20 sí 25. Nítorí abo 2, ẹ kàn máa bọ́ ẹni tí kò níṣẹ́ ni, òórùn rẹ̀ á sì gba ilé kan. Ẹ bá ẹni tó ní òbúkọ sọ̀rọ̀, ẹni tí ẹran rẹ̀ ti gba àjẹsára kàtà.

Ọjọ́ 21 síra wọn ni abo ń wá akọ, kì í ju ọjọ́ kan sí méjì lọ. Á máa ké ṣáá, á máa ju ìrù, kò ní jẹun dáadáa, ìdí rẹ̀ á pọ́n. Tẹ́ ẹ bá rí i láàárọ̀, ẹ gbé e lọ nírọ̀lẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ náà sára ògiri. Tó bá tún ń ké lẹ́yìn ọjọ́ 21, kò lóyún. Àwọn ọmọ akọ tí wọ́n bá bí, ẹ tẹ̀ wọ́n lọ́dàá tàbí kẹ́ ẹ yà wọ́n kúrò lọ́dọ̀ ìyá kí wọ́n tó pé oṣù 4, torí ọmọ oṣù 5 lè gun ìyá tó bí i.

Oyún rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 150. Ìdí tí mo fi ń sọ pé kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ ni pé abo tó bá gba akọ ní ìbẹ̀rẹ̀ June máa bímọ lópin October, bí koríko ti ń gbẹ lọ, tí ọyẹ́ ń bọ̀, tí ọmú ò ní kún. Èyí tó gba akọ ní ọjọ́ kìíní November máa bímọ ní nǹkan bí ọjọ́ 31 March, nígbà tí òjò ti mú koríko jáde, tí agunmániyẹ̀ yín náà ti ń rú. Tó bá ké ní June, ẹ jẹ́ kó ké.